Lẹ́tà ṣíṣí sí ilé-iṣẹ́ tó ti ilẹ̀kùn mọ́ source code láíbùrárì òṣùwọ̀n

Sí Ọ̀gá Àgbà àti gbogbo ìgbìmọ̀ olùdarí,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ sì kú àbójútó. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ yín nínú lẹ́tà yìí, nítorí kì í ṣe ẹ̀tẹ́ ni mo ń wá fún yín. Ẹ mọ ara yín, àwọn tó ń lo ọjà yín láti Ẹpẹ́ dé Ṣàgámù náà sì mọ̀ yín. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń kọ̀wé, nínú ṣọ́ọ̀bù mi tí kò jìnnà sí ọjà Òkè-Àjẹ́. Ètò kọ̀ǹpútà ni mo ń kọ fún àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àwọn tó ń ra kòkó, àti àwọn alóbì. Ọdún kẹfà rèé tí láíbùrárì yín ti wà nínú iṣẹ́ mi.

Oṣù tó kọjá ni ẹ kọ̀wé sí gbogbo àwa oníbàárà pé láti ìsinsìnyí lọ, ẹ kò ní fún wa ní source code mọ́. Binary nìkan ni a ó máa rí gbà: ọ̀kan fún Windows, ọ̀kan fún Linux orí kọ̀ǹpútà Intel, ọ̀kan fún fóònù Android. Ẹ ní ìrọ̀rùn wa ni ẹ rò tí ẹ fi ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ìwé náà. Ìrọ̀rùn tí ẹ wí yẹn ti gba ọjọ́ méjìdínlógún lọ́wọ́ mi báyìí, owó mìíràn sì ti bá a lọ, mo wá ní kí n sọ ọ́ síta kí ará ilé kí ará oko bá wa dá sí i.

Kí àwọn tí kì í ṣe ẹlẹ́gbẹ́ wa lè bá wa lọ, ẹ jẹ́ kí n là á. Láíbùrárì ni iṣẹ́ tí ẹnì kan ti ṣe sílẹ̀, tí àwọn olùkọ ètò mìíràn ń mú lò kí oníkálùkù má baà máa ti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ti ilé-iṣẹ́ yìí mọ bí a ṣe ń gba okùn bá òṣùwọ̀n oníná sọ̀rọ̀, kí iye kílò lè bọ́ sínú ìwé ìṣirò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi bírò kọ ọ́. Source code ni ohun tí ọmọ ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tí ọmọ ènìyàn mìíràn lè kà, tó sì lè tún ṣe. Compiler ló ń lọ̀ ọ́ di binary (ìyẹn ni kíkọ̀ǹpáìlì) kí ẹ̀rọ tó lè jẹ ẹ́. Ẹ̀gẹ́ àti gàrí ni. Ẹni tó ní ẹ̀gẹ́ ló máa pinnu iye ọjọ́ tí yóò fi wà nínú àpò kó tó kan bó ṣe fẹ́. Ẹni tó ra gàrí, bí wọ́n ṣe yan án ni yóò ṣe mu ún. Àwa ará Ìjẹ̀bú kò sì ní gàrí sínú o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ẹ̀gẹ́ tí ẹ kó kúrò lọ́jà ni mo ń bá yín jà sí.

1. Ọjọ́ tí òṣùwọ̀n dákẹ́.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wà lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó tí mo ń bá ṣiṣẹ́. Òṣùwọ̀n méjì ni wọ́n ń lò. Ọ̀kan so mọ́ láptọ́ọ̀pù akọ̀wé. Èkejì so mọ́ Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju páálí sìgá lọ. Sólà kékeré kan ló ń gbé e, nítorí kò sí iná ní àgọ́ tí wọ́n ti ń wọn kòkó, owó bẹntiróòlù sì ti kọjá ohun tí ẹgbẹ́ lè máa dà sí jẹnẹrétọ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ ra òṣùwọ̀n tuntun, láíbùrárì yín àtijọ́ kò mọ̀ ọ́n, èyí tuntun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Kò sí ọgbọ́n mìíràn ju kí n gba tuntun.

Mo gbé e wọ láptọ́ọ̀pù ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, tí àwọn àgbẹ̀ ti tò lọ súà, ohun tó jáde lójú ẹ̀rọ nìyí: version `GLIBC_2.38' not found. Ubuntu 22.04, oríṣi Linux kan, ló wà lórí láptọ́ọ̀pù náà, glibc tirẹ̀ sì jẹ́ 2.35. Glibc yìí ni ìpìlẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ètò orí Linux dúró lé. Ohun tí a bá kọ̀ǹpáìlì lórí èyí àtijọ́ máa ń ṣiṣẹ́ lórí tuntun, ṣùgbọ́n èyí tí a kọ̀ǹpáìlì lórí tuntun lè kọ̀ jálẹ̀ lórí àtijọ́. Ẹ̀yin jókòó ti ẹ̀rọ tuntun ní ọ́fíìsì, ẹ kọ̀ǹpáìlì níbẹ̀, ẹ wá gbé e ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ tó ń lo láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ mi mọ̀ pé lórí ẹ̀rọ tó gbó jù lọ ni a ti ń kọ̀ǹpáìlì ohun tí a fẹ́ pín fún gbogbo ayé.

Mo sáré lọ sídìí Pi. Wrong ELF class: ELFCLASS64. Èyí ló wá burú jù. Ọpọlọ ARM, ẹ̀yà tó yàtọ̀ sí ti Intel, ló wà nínú Pi, Linux oní-bíìtì 32 ló sì wà lórí rẹ̀. Ti Intel oní-bíìtì 64 ni ẹ kó fún wa. Kò sí ètùtù tí mo lè ṣe sí i. Ìyá kan tó ti oko gbé àpò méjì wá jókòó ti òṣùwọ̀n náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a pẹ́lẹ́, ó ní, “Ọmọ mi, àbí oorun ló ń kun eléyìí náà?” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kò dé ẹnu tèmi. Wọ́n wá òṣùwọ̀n onírin àtijọ́ jáde láti ẹ̀yìn yàrá, akọ̀wé ń fi bírò kọ ọ́ sínú ìwé, aago mẹ́jọ alẹ́ kọjá kí a tó parí, iná fóònù ni a sì fi rí àpò mẹ́wàá tó kẹ́yìn.

Nígbà tí source code ṣì ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ohun tí mo máa ń ṣe kò ju pé kí n tẹ make, àṣẹ tó ń bẹ̀rẹ̀ ìkọ̀ǹpáìlì, kí n lọ mu omi. Ìṣẹ́jú mẹ́rin lórí Pi, ó tán. Irú ọpọlọ yòówù kó wà nínú ẹ̀rọ, compiler tó wà lórí rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin kò tilẹ̀ ní láti gbọ́ sí i.

2. Òǹkà mẹ́fà.

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù, nítorí ẹ̀yin náà jàǹfààní nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, òṣùwọ̀n kan ní Ṣàgámù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wèrè. Bí ẹrù bá ti dé ọgọ́rùn-ún kílò báyìí, ètò á dojú dé. Tó bá jẹ́ 99.98, ó ń ṣiṣẹ́. 99.99, ó ń ṣiṣẹ́. 100.00, ó kú. Àwọn alóbì ní Sábó ti ń fura sí ara wọn, ẹnì kan tilẹ̀ ní kí wọ́n lọ bi bàbá kan léèrè ohun tó bọ sí abẹ́ òṣùwọ̀n.

Mo ṣí source code yín sílẹ̀, mo jókòó tì í di ààjìn, mo rí i. Àyè mẹ́fà péré ni ẹ fi sílẹ̀ fún iye kílò. 99.99 jẹ́ ẹyọ márùn-ún, àmì òdo tí C, èdè tí a fi ń kọ ètò, máa ń fi parí ọ̀rọ̀ jẹ́ ẹyọ kan, mẹ́fà pé. 100.00 jẹ́ ẹyọ mẹ́fà fúnra rẹ̀, òdo ìparí sọ ọ́ di méje. Ẹyọ keje yìí ń ṣàn lọ sórí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ìrántí kọ̀ǹpútà, ó sì ń bà á jẹ́. Mo sọ 6 di 16. Mo fi ẹyọ 1 kan síwájú òǹkà kan, iṣẹ́ parí. Mo kọ̀ǹpáìlì, oòrùn kò tí ì mú tí àwọn alóbì fi padà sídìí iṣẹ́ wọn. Mo fi àtúnṣe náà ránṣẹ́ sí yín láìgba kọ́bọ̀, ẹ fi í sínú ẹ̀dà tó tẹ̀lé e, ẹ sì kọ ímeèlì ìdúpẹ́ sí mi. Ímeèlì náà wà lọ́wọ́ mi títí di òní.

Ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ binary nìkan ló wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà, kí ni mo fẹ́ rí? Mo lè rí i pé ó kú ní 100.00, n kò lè rí ìdí rẹ̀. Ǹ bá kọ̀wé sí yín, ẹ̀yin á ní kí n fi àwòrán ojú ẹ̀rọ ránṣẹ́, ẹ̀yin á ní kí n tún un gbé wọ̀, ọ̀sẹ̀ kan á tẹ̀ lé òmíràn. Ẹ má sọ pé mo ń ṣàsọdùn, nítorí bí ẹ ṣe ṣe ti ọjọ́ méjìdínlógún yìí nìyẹn gẹ́lẹ́.

Àròyé yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí mi. Ní nǹkan bí ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ Xerox fún yàrá ìwádìí kan ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT, lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun. Lórí ti tẹ́lẹ̀, Richard Stallman, olùkọ ètò kan níbẹ̀, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ọwọ́ ara wọn fi ohun kan kún ètò rẹ̀ tó ń ta wọ́n lólobó bí bébà bá há. Tuntun dé láìsí source code, bébà ń há, ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn wà lára ohun tó mú un kéde iṣẹ́ GNU, àwọn ètò tí source code wọn ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1983, ọ̀pọ̀ nínú àwọn irinṣẹ́ tí ẹ̀yin fi ń kọ̀ǹpáìlì binary yín lónìí sì ti ibẹ̀ wá. Ẹ ń jẹ nínú oko tí ẹnì kan ṣí sílẹ̀, ẹ wá fi ọgbà yí ebè tiyín ká.

3. Àwáwí pé a kò mọ̀ ọ́n kọ̀ǹpáìlì.

Ẹ ní àwọn oníbàárà kan kì í mọ̀ ọ́n ṣe, tí wọ́n á wá máa fi fóònù dà yín láàmú. Òótọ́ ni, n kò ní purọ́ mọ́ yín. Èmi náà ti jẹ nínú ìyà rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, láíbùrárì cryptography ti èdè Python gbé ẹ̀dà 3.4 jáde, ó sì ń béèrè compiler ti Rust, èdè ìkọ ètò mìíràn, lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ̀ǹpáìlì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tí binary wà fún ẹ̀rọ rẹ̀ kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Alpine, oríṣi Linux kan, ló wà lórí kọ̀ǹpútà kan tí mo ń bójú tó nígbà náà, binary kò sì sí fún un. Mo gbé e kalẹ̀ kó máa kọ̀ǹpáìlì lóru, wọ́n mú iná lọ ní aago méjì, bátìrì kú kó tó di aago mẹ́rin. Ilẹ̀ mọ́, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ẹ wá rí i pé n kò kórìíra binary. Mo fẹ́ ẹ. Àwọn ẹgbẹ́ tí kò ní olùkọ ètò kankan nítòsí gbọ́dọ̀ rí i gbà.

Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé ọ̀kan gbọ́dọ̀ lé ọ̀kan jáde? Ẹ wo SQLite, láíbùrárì tó ń tọ́jú dátà, tó wà nínú fóònù tí ẹ fi ń ka lẹ́tà yìí. Ojú ewé kan náà ni wọ́n kó méjèèjì sí: source code rẹ̀ tí wọ́n pa pọ̀ di fáìlì C ńlá kan ṣoṣo, sqlite3.c, tó ju ìlà 200,000 lọ, àti binary tí wọ́n ti kọ̀ǹpáìlì sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní àsìkò. Fáìlì kan ṣoṣo! Ẹ gbé e sínú iṣẹ́ yín, ẹ kọ̀ǹpáìlì, ó parí. Bí kọ̀ǹpáìlì tiyín bá ń fún àwọn ènìyàn ní wàhálà, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ̀ǹpáìlì rẹ̀ ló yẹ kí ẹ tún ṣe.

4. Àwáwí olè.

Ẹ ní ẹnì kan ní Èkó kó kóòdù yín, ó yí orúkọ rẹ̀ padà, ó ń tà á. Ó dùn mí, mo bá yín kẹ́dùn. Ẹjọ́ adájọ́ àti lọ́yà nìyẹn, ọwọ́ àdéhùn tí a jọ fọwọ́ sí ló sì wà. Binary kò lè gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọdún 2019 ni NSA, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, ti gbé Ghidra síta lọ́fẹ̀ẹ́, irinṣẹ́ tó ń tú binary palẹ̀ títí yóò fi jọ èdè C. Olè tó bá ní sùúrù á lò ó. Àwa tí a ń san owó lọ́dọọdún ni ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́.

5. Ohun tó wà nínú àpò tí a kò rí.

Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín pé binary “ní ààbò jù”. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú mi ṣe ohun tí n kò bá ti ṣe. Mo fi àṣẹ strings gbá inú binary yín wò, gbogbo ọ̀rọ̀ tó ṣeé kà nínú rẹ̀ sì tú jáde. Láàárín wọn ni mo rí èyí: deflate 1.2.11 Copyright 1995-2017 Jean-loup Gailly and Mark Adler. Ìyẹn ni pé ẹ̀yin ti pọ zlib 1.2.11, láíbùrárì ẹlòmíràn tó ń fún dátà pọ̀, mọ́ tiyín, ẹ kò sì sọ fún wa. Ẹ̀dà tó ti pẹ́ ni. Àṣìṣe ààbò kan wà nínú rẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ sí CVE-2018-25032, tó lè ba ìrántí kọ̀ǹpútà jẹ́ bó bá ń fún dátà kan pọ̀. Ẹ̀dà 1.2.12 ló tún un ṣe, ní oṣù Kẹta ọdún 2022. Lórí gbogbo ẹ̀rọ mi ni zlib tuntun wà. Tó bá jẹ́ source code ni ẹ fún mi, zlib tó wà nílé mi ni ǹ bá so mọ́ ọn. Báyìí, èyí tó gbó tí ẹ rán mọ́ inú aṣọ ni mo ń gbé kiri, n kò sì ní àlùmọ́gàjí tí mo fi lè gé e jáde.

Ẹ lè dáhùn pé májèlé lè wà nínú source code náà, kí ẹ sì fi xz, irinṣẹ́ tó ń fún fáìlì pọ̀, ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ kò jayò pa. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2024 ni Andres Freund, olùkọ ètò kan, tú àṣírí májèlé inú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1 ti xz, lẹ́yìn tó ṣàkíyèsí pé wíwọlé lórí ssh, ọ̀nà tí a fi ń wọ kọ̀ǹpútà láti òkèèrè, ń falẹ̀ bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá. Ṣùgbọ́n níbo ni àwọn ẹni ibi náà fi í pamọ́ sí? Inú fáìlì binary tí wọ́n pè ní ti ìdánwò, àti inú ìwé-àṣẹ ìkọ̀ǹpáìlì kan tó wà nínú àpò tí wọ́n pín ṣùgbọ́n tí kò sí nínú ibi ìkóǹkanpamọ́ tí gbogbo ayé ń wò. Ibi tí ojú ènìyàn kì í dé ni wọ́n wá. Ẹ̀yin wá sọ gbogbo láíbùrárì di irú ibẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn oní-Rust ní ọdún 2023. Serde_derive, láíbùrárì Rust kan tí ọ̀pọ̀ ètò fẹ̀yìn tì, bẹ̀rẹ̀ sí í fi binary ránṣẹ́ sí àwọn tó wà lórí Linux x86-64 (ìyẹn irú ọpọlọ Intel oní-bíìtì 64) kí iṣẹ́ wọn lè yá. Ó yá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn fárígá pé àwọn kò mọ ohun tí wọ́n ń gbé wọlé. Nígbà tó di ẹ̀dà 1.0.184, wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ìtìjú kankan kò sí nínú kí ènìyàn yí ìpinnu padà.

6. Fóònù àwọn oníṣòwò.

Kúkúrú ni mo máa sọ èyí. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2025 ni Google ti ní kí ètò tuntun àti àtúnṣe èyíkéyìí tí a bá gbé sórí Play, ìsọ̀ ètò fóònù wọn, fún Android 15 sókè lè ṣiṣẹ́ lórí fóònù tó ń pín ìrántí rẹ̀ ní 16 KB dípò 4 KB àtijọ́. Ètò tí èdè Java tàbí Kotlin nìkan wà nínú rẹ̀ kò ní wàhálà. Èyí tó bá gbé fáìlì .so, ìyẹn láíbùrárì tí a ti sọ di binary, dání ló gbọ́dọ̀ jẹ́ pé a tún un kọ̀ǹpáìlì. Mo fi àṣẹ readelf wo inú .so yín: 0x1000 ló kọ síbẹ̀, ìyẹn 4 KB. 0x4000 ló yẹ kó jẹ́, ìyẹn 16 KB. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo nílò láti fi kún àṣẹ ìkọ̀ǹpáìlì, bí mo bá ní ohun tí mo fẹ́ kọ̀ǹpáìlì. Ètò tí àwọn tó ń ra kòkó fi ń wo iye owó lórí fóònù wọn ti wà lójú kan láti ìgbà tí ẹ ti dá source code dúró. Ẹ sì ti rí irú rẹ̀ rí: ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, oní-bíìtì 64 ni Google ń béèrè. Nígbà yẹn, alẹ́ ọjọ́ kan ni mo fi parí tèmi, ẹ mọ ìdí rẹ̀.

7. Oníbodè.

Mo gbọ́ pé ọmọ bíbí Ìjẹ̀bú ni ẹ̀yin ọ̀gá náà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé. Àwọn baba wa mọ iṣẹ́ oníbodè dunjú. Ọjà kò gbọdọ̀ ti etí òkun gòkè lọ sílẹ̀ Ìbàdàn, kò sì gbọdọ̀ ti òkè sọ̀ kalẹ̀, àyàfi bí Ìjẹ̀bú bá ṣí ọ̀nà. Wọ́n rí owó nínú rẹ̀, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ti ọ̀nà náà pa jù, a mọ ohun tó bá wa ní Ìmàgbọ̀n ní ọdún 1892. (Ọ̀rọ̀ òyìnbó àti ìbọn rẹ̀ jẹ́ ọ̀tọ̀, n kò fi wé ara mi. N kò ní ìbọn.) Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó bá di ibodè kan ṣoṣo mú, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń wá ọ̀nà àbùjá. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo láíbùrárì mìíràn tó ń ka òṣùwọ̀n. Kò tó tiyín, ṣùgbọ́n source code rẹ̀ wà nílẹ̀.

Àti pé, kí Ọlọ́run má jẹ́ ẹ, bí ilé-iṣẹ́ yín bá kógbá wọlé ńkọ́? Bí olùkọ ètò yín méjèèjì bá rìnrìn-àjò lọ sí Kánádà, bí ọ̀pọ̀ wọn ti ń lọ? Òṣùwọ̀n tí ẹgbẹ́ fi owó àjọ rà yóò wà níbẹ̀, ara rẹ̀ á le koko, ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò ní lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Ohun tí mo ń béèrè nìyí, ó sì jẹ́ ti èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mẹ́rin tó rán mi:

Kí ẹ dá source code padà fún gbogbo ẹni tó bá ti sanwó. A kò ní kí ẹ sọ ọ́ di ti gbogbo ayé. Ẹ kọ àdéhùn tó le tó bá ṣe yín, a ó fọwọ́ sí i, a kò ní pín in.

Kí binary máa bá a rìn, kí ó sì tó fún gbogbo ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ wa: Intel, ARM oní-bíìtì 64, àti ARM oní-bíìtì 32. Ẹ kọ̀ǹpáìlì èyí tó jẹ́ ti Linux lórí ètò tó ti pẹ́, kí glibc má baà máa lé wa kiri.

Kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ojú ewé kan, gbogbo láíbùrárì ẹlòmíràn tí ẹ pọ̀ mọ́ tiyín àti ẹ̀dà wọn. Kí ẹ fi òǹkà SHA-256, tí a fi ń mọ̀ bóyá fáìlì ti yí padà, sí ẹ̀gbẹ́ binary kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ṣàlàyé bí ẹ ṣe kọ̀ǹpáìlì rẹ̀ dé ibi pé tí èmi náà bá ṣe é nílé mi, ohun kan náà ni yóò jáde. Láti ọdún 2013 ni àwọn tó ń ṣe Debian, oríṣi Linux kan, ti ń ṣe irú rẹ̀ lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ètò. Tiyín kò ju láíbùrárì kan lọ.

Kí ẹ fi ẹ̀dà source code kan sọ́wọ́ lọ́yà, pẹ̀lú ìwé pé bí ilé-iṣẹ́ bá kógbá, àwa oníbàárà ló ni í.

Zlib ńkọ́? Ìyẹn kò yẹ kó dúró de ìpàdé kankan. Ẹ tún un ṣe lọ́sẹ̀ yìí.

Mo ń retí èsì yín kí oṣù yìí tó parí. Bí ẹ bá fẹ́ kí a jókòó sọ ọ́, ẹ máa bọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí kí n wá bá yín ní Èkó, owó ọkọ̀ mi wà lápò. Òṣùwọ̀n tuntun náà wà lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ èyí, okùn rẹ̀ ń bẹ lára Pi, 0.00 ló ń kọ lójú ara rẹ̀. Ìyá tó béèrè bóyá oorun ló ń kùn ún ti ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì láti mọ̀ bóyá ó ti jí. Mo ní kí wọ́n sọ fún un pé kó ṣì máa lo ti onírin.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
olùkọ ètò kan, Ìjẹ̀bú-Òde